Ikọ́ Ọlọ́lá, Ikọ́ Tálákà: Bí Mo Ṣe Fi Gígé Ohùn Jẹun ní Lomé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ṣe dàgbà tí ojú mi ṣì ń rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ fa ìjókòó súnmọ́ mi. Iṣẹ́ gígé ohùn ni mo ṣe nílé iṣẹ́ rédíò kan ní Lomé, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge títí ewú fi gba orí mi. Légbassito ni mo fẹ̀yìn tì sí. Mo ń gbin ẹ̀gẹ́, mo ń sin adìyẹ, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwọn adìyẹ náà ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé kí n bá wọn gé e kúrú.

Bí ẹnìkan bá wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún odindi wákàtí, ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kò ní àyè wákàtí. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n á ní kí o mú nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń mú ìṣẹ́jú náà. Àwọn ará ìlú á gbọ́ ìṣẹ́jú kan yẹn, wọ́n á sì máa sọ kiri pé àwọn ti gbọ́ ohun tí lágbájá sọ. Ẹ ò wá rí i pé ẹni tó mú abẹ dání ju ẹni tó mú gbohùngbohùn dání lọ. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n á fi gbajúmọ̀, ẹ máa lọ sídìí gbohùngbohùn o. Ẹnikẹ́ni kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gé ohùn, àyàfi ọjọ́ tí ó bá gé e burú.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, Lomé ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ń ta abọ́ oníke ní ọjà Adewui. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Mínà, mo gbọ́ Faransé, ilé iṣẹ́ náà sì ń wá ẹni tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó oṣù wọn ń jẹ́ ká jẹun, kò jẹ́ ká yó jù. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Fòfó Kọ̀mí. Fòfó ni àwọn Mínà ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, gbogbo wa la sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà náà, téèpù ńlá tó ń yí lórí ẹ̀rọ la ń lò. Bí o bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kan, wàá fi ọwọ́ yí téèpù náà síwá sẹ́yìn títí wàá fi gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wàá fi pẹ́ńsù funfun sàmì sí i, wàá fi abẹ gé e, wàá wá lẹ orí méjèèjì pọ̀. Iná kékeré kan ló ń tàn sórí tábìlì náà, ọwọ́ Fòfó kì í sì í gbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ. Á fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan kí n fi sétí, kí n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n wá sọ ọ́ fún un láìwo ìwé. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ìbéèrè kan náà ni: níbo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sí? Lójú tirẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń rìn kiri kó tó jókòó. Á bínú, á ṣẹ̀fẹ̀, á pa òwe, á yà kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí yóò ti jókòó, ibẹ̀ ni kí o wá. Èmi, ibi tó bá ti dùn ni mo máa ń mú wá fún un. Á mi orí, á tọ́ka sí àga mi, ìyẹn ni pé kí n padà lọ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, mo bọ́jú, mo sì padà wá. Ó wò mí, ó tún tọ́ka sí àga.

Nígbà tí ó wá gbé abẹ lé mi lọ́wọ́, ó kọ́ mi ní ohun kejì. Bí ènìyàn ńlá bá wá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò ló máa ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. A ó yọ ikọ́ rẹ̀, a ó yọ “ẹ̀n-ẹ̀n” rẹ̀, a ó yọ ibi tí ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Bí ó bá fi máa dé etí aráyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàn geere. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwọn ẹlẹ́nu mímú ni, àwọn tó ń wá sórí rédíò láti sọ ohun tó ń ṣe ìlú láìbo ẹnu, a kì í yọ nǹkan kan. Ikọ́ wọn á wà níbẹ̀, òṣé wọn á wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti lu tábìlì gan-an la ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn méjèèjì á rò pé ọ̀kan jẹ́ ọlọ́gbọ́n, èkejì sì ti mutí. Òfin Fòfó kò ju gbólóhùn kan lọ:

“Ikọ́ tí o bá yọ fún ọlọ́lá, yọ ọ́ fún tálákà.”

Àwọn tó ń kọ ìròyìn kò sí lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn sì máa ń dùn ún. Bí aṣojú ìjọba bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ó “ṣàlàyé”. Bí ẹlẹ́nu mímú bá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà, wọ́n á ní ó “pariwo”. Fòfó á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, á rọra béèrè ibi tí ariwo náà wà, nítorí pé òun lòun gé ohùn yẹn, òun kò sì gbọ́ ariwo kankan. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á tún kọ “pariwo”.

Ohun kẹta ló le jù. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá ṣì wà nínú ọgbà, Fòfó á pè é wọlé kó wá gbọ́ ìṣẹ́jú tí a mú. Kò béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ń retí ni pé kí ẹni náà sọ pé, “Èmi nìyẹn.” Bí ó bá fajú ro sọ ọ́, iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá rẹ́rìn-ín tí ó ní a ṣe é dáadáa jù, Fòfó á fura pé a ti bá a kun àtíkè, á ní ká tún un gé. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ọ̀tún bá kùn tí òsì sì kùn, a jẹ́ pé ìròyìn dọ́gba. Irọ́ ni o. Mo ti rí iṣẹ́ tí ọ̀tún kùn sí, tí òsì kùn sí, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ jákujàku ni lóòótọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì dé, téèpù ńlá lọ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn Faransé ń pè ní ọ́dínátọ̀, dé, ohùn wá di ohun tí a ń fi ojú rí. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìlà rẹ̀ á kéré. Bí ó bá gbé ohùn sókè, ìlà náà á ga bí òkè. Fòfó wò ó títí, ó ní òun kò lè gé ohun tí ọwọ́ òun kò kàn. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó náà, ó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí ilé rẹ̀ ní Adakpamé. Mo di ọ̀gá. Inú mi dùn sí ẹ̀rọ náà, n kò ní purọ́, nítorí abẹ ti gé mi níka tó. Àmọ́ mo rí i pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń gé ohùn láìfi nǹkan kan sétí. Ojú ni wọ́n fi ń gé e.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà méjì kan máa ń wá jiyàn lórí rédíò wa. Ọ̀kan ni Mẹ̀tírì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lédè Faransé. Ará Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò níbí, tó ti apá Atakpamé wá, ni, ó ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ mi. Èkejì ni Mùsíọ̀ Adótè, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Adótè, ọkùnrin onífìlà tó ti di ipò ńlá mú rí, tí gbogbo èrò tirẹ̀ àti ti Mẹ̀tírì kò pàdé níbì kan. Mẹ̀tírì ní ìwà kan tí ó jẹ́ ìwà àwọn àgbà wa. Kì í dá ọ̀rọ̀ ẹni lóhùn láìkọ́kọ́ tún un sọ ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá. Á sọ ọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni, á fi ohùn Mùsíọ̀ Adótè sọ ọ́ pàápàá, pẹ̀lú igbe. Bí ó bá ṣe tán, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní: “Mo ti bá ọ ru ẹrù rẹ dé ibí. Ó yá, wá gbọ́ tèmi.”

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà létí títì ní Adewui ni wọ́n ń jà lé lórí. Mùsíọ̀ Adótè ní àwọn àlejò ti kún ọjà, kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí wọ́n padà sí ibi tí bàbá wọn ti wá. Mẹ̀tírì tún un sọ bí ìṣe rẹ̀, ó pariwo rẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá dáhùn ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ọmọ tí a bí sínú ilé kì í ṣe àlejò ilé, kí wọ́n fi àwọn ìyá náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

N kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kojó ló gé e, géńdé kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Ó wo ìlà ohùn Mẹ̀tírì, ó rí òkè tó ga jù, ó gé òkè náà. Ẹ ti mọ ohun tó wà nínú òkè náà. Ní ìrọ̀lẹ́, akàròyìn ní Mẹ̀tírì tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo tún ti pariwo, gbogbo Lomé sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń lé àwọn ará Adewui lọ sí ibi tí bàbá wọn ti wá.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Ìyá mi pè mí, kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, “Sáfúrá, ọ̀rẹ́ yín tó ń jẹun lọ́dọ̀ wa nígbà ọdún iléyá ní ká máa lọ.” Mo sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní etí òun lòun fi gbọ́ ọ, lẹ́nu rédíò tèmi.

Ìyàwó Mẹ̀tírì, Màmá Afí, ń ta ọṣẹ dúdú nínú ọjà yẹn kan náà, kò ju ìsọ̀ mélòó kan lọ sí ti ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó tì í gbé àga rẹ̀ kúrò. Ìyá mi, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń pín oúnjẹ ọ̀sán láti ọdún pípẹ́, wá ń gba ẹ̀yìn kọjá. Mẹ̀tírì fúnra rẹ̀ kò rí ẹni kí i ní bọ́ńjúù mọ́. Ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó wá sí ilé iṣẹ́ wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà, ó ń dúró de Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa. Dìrẹ́tọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Mo bú omi fún Mẹ̀tírì, kò mu ún. Ó ní:

“Sáfí, ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ara kọ̀ ni wọ́n fi ń pè mí báyìí.”

Inú bí mi gidigidi. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tọ Dìrẹ́tọ̀ lọ. Ó gbà pé àṣìṣe ni, kò jiyàn. Ó ní àwọn máa ka gbólóhùn kan lẹ́yìn ìròyìn eré bọ́ọ̀lù, pé ó tán. Mo ní kò lè tán. Ó wá sọ ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìjà, kí ló wá ń dùn ún? Èrò tí àwọn akọ̀ròyìn máa ń ní sí àwọn ẹlẹ́nu mímú nìyẹn, pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó le, awọ ara rẹ̀ náà le. Bí ó bá jẹ́ olóyè ni a ṣe bẹ́ẹ̀ sí, à bá ti lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Mo gun séémi, ọ̀kadà ti Lomé, lọ sí Adakpamé. Fòfó Kọ̀mí ń tu koríko, kò dìde. Mo rò ó fún un títí, ó ń tu koríko rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní ibi tí a ti ba orúkọ ènìyàn jẹ́ ni a ti ń tún un ṣe: aago kan náà, ìròyìn kan náà, ohùn akàròyìn kan náà. Ó ní bí wọn kò bá gbà, kí n gbé abẹ sílẹ̀. Mo rán an létí pé kò sí abẹ mọ́. Ó ní mo mọ ohun tí òun ń wí.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún Dìrẹ́tọ̀ pé n kò ní gé nǹkan kan mọ́ títí wọ́n á fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà kò tì. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má jẹ́ kí n ṣe akin fún yín. Mo ní àwọn ọmọ nílé ìwé, ọkọ mi sì ti kú. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo káwọ́ lẹ́rán, mo ń wò.

Ẹni tí n kò retí ló wọlé. Mùsíọ̀ Adótè ni, pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kò sì dúró kí wọ́n kéde rẹ̀. Ó kọjá mi, ó wọ yàrá Dìrẹ́tọ̀, kò ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

“Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sẹ́nu ọkùnrin yẹn, tèmi ni. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ dá a padà fún mi.”

Dìrẹ́tọ̀ rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní Mẹ̀tírì kì í kúkú ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ mo fẹ́ ká jà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹni tí ẹ ti sọ di èmi jà?”

Ọ̀rọ̀ tí èmi ti sọ títí tí kò wọlé, ẹnu ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ló gbé e wọlé. Mo rẹ́rìn-ín sí i lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dùn mí díẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ jáde síta, ó ní kí Màdáámù Sáfí gé e bó bá ṣe wù ú.

Èmi àti Kojó la jọ jókòó tì í. Mo ní kó fi ẹ̀rọ sétí, kó di ojú. A mú ọ̀rọ̀ Mùsíọ̀ Adótè láti ẹnu ara rẹ̀, a mú ibi tí Mẹ̀tírì ti tún un sọ, a mú “mo ti bá ọ ru ẹrù rẹ dé ibí”, a wá mú ìdáhùn náà títí dé ibi tó jókòó. Nígbà tí Kojó gbọ́ ìdáhùn yẹn, ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ojú rẹ̀ kún fún omi. Kò gbọ́ ọ rí. A pe Mẹ̀tírì wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, nítorí ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó síbẹ̀. Ó fetí sí i, ó fajú ro, nítorí mo fi ibi tí ó ti kólòlò sílẹ̀ níbẹ̀, bí mo ṣe fi ti Mùsíọ̀ Adótè náà sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Èmi nìyẹn.” Kojó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Mẹ̀tírì sì gbé e dìde.

Ó jáde ní aago kan náà, lẹ́nu akàròyìn kan náà. Ìyá mi gbọ́ ọ lórí rédíò kékeré tó máa ń gbé sáàárín abọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ ra ọṣẹ lọ́wọ́ Màmá Afí, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kún ilé wa. Àwọn yòókù rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Èmi àti àwọn ọmọ mi fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ títí ó fi sú wa. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó máa ń bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ti mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn tó gbọ́ irọ́ á sì ti lọ sílé. Ẹlẹ́ja kan wà ní Adewui tí kò kí Mẹ̀tírì títí òní, nítorí kò gbọ́ ìròyìn kejì.

Kojó di agéhùn gidi, ó ti lọ sí iléeṣẹ́ tó tóbi ju tiwa lọ. Ẹ̀rọ tuntun tún ti dé, tó ń fúnra rẹ̀ gbọ́, tó ń fúnra rẹ̀ gé, tí wọn ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Èyí ló mú mi sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún mi. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu, èmi tí n kò jókòó sídìí rẹ̀ rí, mo sì sọ̀rọ̀ bí Mẹ̀tírì. Mo kọ́kọ́ ru ẹrù àwọn tó ń ta kò mí: wọ́n ní iṣẹ́ gígé ohùn ti kú, wọ́n ní kí ọ̀dọ́ má fi ayé rẹ̀ ṣòfò nídìí rẹ̀, ẹ̀rọ ti gbà á. Mo sọ ọ́ tagbára-tagbára, mo tilẹ̀ lu tábìlì. Lẹ́yìn náà ni mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ẹ̀rọ mọ ibi tí ohùn ti ga, kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá sì ṣì ń ṣe pàtàkì fún ènìyàn, a ó máa wá ẹni tó lè fetí wá a. Mo wá fi ìyìn díẹ̀ kún un fún ara mi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa mú nínú rẹ̀ fún ìròyìn. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, n kò lè gé tèmi. Ẹ́sí, ọmọbìnrin tó gba ipò mi, ló gé e. Mo ń rò ó lórí ìjókòó pé bí ó bá mú ibi tí mo ti lu tábìlì, gbogbo Lomé máa gbọ́ pé màdáámù tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní kí ọ̀dọ́ sá fún un.

Ẹ́sí kò jẹ́ kí n lọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tántì, ẹ wọlé wá gbọ́ ọ kó tó jáde.” Ó fi ẹ̀rọ sí mi létí. Mo gbọ́ ẹrù tí mo bá wọn rù, mo gbọ́ ibi tí mo ti rẹ ohùn sílẹ̀, mo gbọ́ ìdáhùn mi títí dé ìparí. Ó ti yọ ikọ́ mi. Ó ti yọ gbogbo ìyìn tí mo fi yin ara mi náà, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Mo fajú ro. Ó ń wò mí, ó ń dúró.

Mo ní, “Èmi nìyẹn.”